Ọjọ́ tí Wọ́dúróòbù Tíṣà Há sí Àtẹ̀gùn

Nínú ilé tí a gbé ní Ìpọ̀nrí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ ayálégbé sílẹ̀ kí n tó débẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá a náà ló sì ń fọ́. Àǹtí mi ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, wọ́n jókòó láti pinnu ẹni tí yóò máa gbá àtẹ̀gùn, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ na ara wọn. Nígbà kejì, gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ alága, kò wá sí ẹni tó kù tí yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn ọdún 1980 ti ń lọ sópin nígbà tí mo kúrò ní Ọ̀yọ́ wá bá Àǹtí mi gbé, tí mo ń lọ kọ́ taípù ní Yábàá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé náà, yàrá kọjú sí yàrá nísàlẹ̀, yàrá kọjú sí yàrá lókè. Òkè ni àwa wà. Ṣùgbọ́n kàǹga, kíṣìnì, balùwẹ̀ àti ṣáláńgá, ẹ̀yìnkùlé nísàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló sì so wá pọ̀ mọ́ wọn. Àtẹ̀gùn náà ò fẹ̀. Tí èèyàn méjì bá pàdé lórí rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọmọńlé kí èkejì tó ráyè kọjá. Ní àárín méjì rẹ̀, ó ṣẹ́rí lójijì bí ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé.

Ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Bí àwa lókè bá sá aṣọ, omi rẹ̀ a máa kán sórí aṣọ tí àwọn ti sá gbẹ. Bí àwọn nísàlẹ̀ bá ń din ata, èéfín rẹ̀ a gòkè wá bá wa, a ó sì máa wúkọ́ títí di ọ̀sán. Láńlọ́ọ̀dù wa ń gbé Abẹ́òkúta, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó le jù nínú ìjà náà ni ti Àǹtí mi àti ìyá oníbùrẹ́dì tí yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ tiwa gẹ́lẹ́. Àǹtí mi fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lọ́jọ́ kan, omi rẹ̀ sì kán sórí àtẹ bùrẹ́dì tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síta. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ọ̀kan bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ẹlòmíràn ni yóò kọjú sí. Ìyá oníbùrẹ́dì lè dúró létí kàǹga kó sọ fún mi pé, "Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún àwọn kan pé okùn ìfami kì í ṣe ti bàbá wọn." Àǹtí mi á wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan péré sí i, òun náà á kọjú sí mi á ní, "Sọ fún ẹni tó rán ẹ pé a ti gbọ́."

Tíṣà náà ní ìjà tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mushin, yàrá rẹ̀ wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó sì fẹ́ gbéyàwó. Káfíńtà kan ń gbé nísàlẹ̀, iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kan àga fún Tíṣà. Nígbà tí bàbá ọmọbìnrin tí Tíṣà fẹ́ fẹ́ wá kí i fún ìgbà àkọ́kọ́, orí àga náà ni wọ́n fún un jókòó, àga náà sì ya. Bàbá náà wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín, Tíṣà sì sọ pé ìgbà díẹ̀ yẹn ti ju ọdún kan lọ lára òun. Nígbà tó lọ bá Káfíńtà, Káfíńtà ní kò sí ohun tó ṣe àga òun, bàbá yẹn ló tóbi jù. Bí wọ́n ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Tíṣà fẹ́ wọ́dúróòbù fún ìyàwó, ó fò kọjá lórí Káfíńtà tó wà lábẹ́ òun, ó lọ ra àlòkù ní Ọ̀yìngbò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni àwọn ọlọ́mọlanke gbé e dé. Gbogbo wa ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jáde wò ó. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Igi ìrókò ni, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, dígí gbọọrọ wà lára ti àárín, wọ́n sì gbẹ́ adé sí i lórí bí ẹni pé ọba ni yóò máa kó aṣọ sínú rẹ̀. Ẹni bá dúró síwájú dígí náà á rí ara rẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìyá oníbùrẹ́dì sì dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Àwọn ọlọ́mọlanke gbé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn, orí ilẹ̀ ló parí sí. Wọ́n ti ọmọlanke wọn lọ.

Tíṣà ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń kọ́ni, wọ́n ti wá ràn án lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ mú orí rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn gòkè, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tì í láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gùn ún dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ajá ńlá bá dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dúró. Adé orí wọ́dúróòbù ti wọnú ògiri òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ irin àtẹ̀gùn nísàlẹ̀. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ní àwọn ń lọ wá èèyàn sí i. Títí mo fi kúrò nílé yẹn, mi ò rí wọn mọ́.

Káfíńtà ti jáde nígbà yẹn, ó káwọ́ gbera, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Tíṣà, ṣé ẹ wọn àtẹ̀gùn kí ẹ tó rà á?"

Ohùn Tíṣà wá láti ẹ̀yìn wọ́dúróòbù. "Mo wọn yàrá."

"Ẹ wọn yàrá. Ṣé láti ojú ọ̀run ló máa bọ́ sínú yàrá ni?"

Àwa tá a wà lókè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wá kúrò lẹ́nu wa díẹ̀díẹ̀, nítorí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó ní nísàlẹ̀. Èmi ní aṣọ lórí okùn ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí mi ní ẹ̀wà lórí sítóòfù ní kíṣìnì. Ìyá Àgbà kan wà lókè pẹ̀lú wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn ló ń gbé. Òun ò sọ ohun tó ní nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí ẹsẹ̀ padà.

Ààyè díẹ̀ wà lókè wọ́dúróòbù náà, ọwọ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ohùn náà sì lè gbà á kọjá. Àǹtí mi lọ gbé ẹnu síbẹ̀, ó pe orúkọ gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀, àfi ti ẹnì kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nítòsí kíṣìnì? Ẹ bá mi wo ẹ̀wà mi."

Mo gbọ́ tí bàtà ń lọ ṣárá ṣárá sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ìkòkò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ohùn ìyá oníbùrẹ́dì wá láti ìsàlẹ̀, ó sì dájú pé ògiri ló kọjú sí. "Ẹ sọ fún ẹni tó lẹ̀wà pé omi rẹ̀ ti gbẹ. Mo ti bu omi sí i. Ẹ tún sọ fún un pé àlùbọ́sà rẹ̀ ò tó."

Àǹtí mi wò mí. "Sọ fún wọn pé àlùbọ́sà wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù."

"Àǹtí, wọ́n ti gbọ́ yín."

"Sọ fún wọn."

Mo gbé ẹnu sí ààyè náà, mo sọ fún wọn. Ìyá oníbùrẹ́dì ní òun ti rí i.

A wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa tó wà lókè dì í mú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ dì í mú, Káfíńtà náà tú ọwọ́ rẹ̀ tó ká gbera. A lágbára, mi ò ní purọ́. Ìrókò náà ń dún, òógùn ń bọ́, Tíṣà bọ́ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kù síńgílẹ́ẹ̀tì. A ṣe é títí tí apá mi fi kú, kò sún kúrò níbi tó wà. A sinmi, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a sinmi lẹ́ẹ̀kejì ni ọmọbìnrin tí Tíṣà fẹ́ fẹ́ dé. Ó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú báàgì lápá, ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni ẹ fẹ́ kó lọ?"

Tíṣà ní, "Òkè, kẹ̀."

Káfíńtà ní, "Ìsàlẹ̀ ni."

Ibẹ̀ ló ti wá yé wa. Láti ọ̀sán yẹn, àwa ń fà á sókè, àwọn ń fà á sísàlẹ̀, agbára wa sì dọ́gba. Wọ́n máa ń pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo gbà. Ohun tí òwe náà ò sọ ni pé àwọn ọwọ́ ọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àyà wà.

Nígbà náà ni Tíṣà sọ pé ohun tó ṣe wá ni pé a ò ní alága, ó ní kí a dìbò. Báyìí ni ẹgbẹ́ ayálégbé ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tí ìdajì ẹgbẹ́ wà lókè, tí ìdajì wà nísàlẹ̀, tí wọ́dúróòbù sì wà láàárín. Wọ́n kọ́kọ́ yan akọ̀wé, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Èmi ni wọ́n yàn. Wọ́n ní ṣebí mo ń kọ́ taípù. Mo ní taípù ò sí lọ́wọ́ mi níbí, wọ́n ní kí n máa fi ọkàn kọ ọ́. Nígbà tó kan alága, gbogbo òkè ní Tíṣà, gbogbo ìsàlẹ̀ ní Káfíńtà. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìgbìmọ̀. Káfíńtà ní ilé ìgbìmọ̀ ò ní wọ́dúróòbù. Ọmọbìnrin náà béèrè ìdí tí wọn ò fi yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdìbò ni wọ́n ń sọ, wọ́n ní kó ṣe sùúrù.

Ìyá Àgbà ti fara dà á títí. Ó rìn wá sórí àtẹ̀gùn, ó jókòó sí òkè pátápátá. Iṣu ló ń tà nígbà tó wà ní ọjà, ohùn rẹ̀ sì ṣì wà bíi ti ẹni tó ń pe oníbàárà lódìkejì títì.

"Nínú gbogbo yín," ó ní, "ta ni ìtọ̀ ń gbọ̀n?"

Ó tún gbé ohùn sókè.

"Mo ní ta ni ìtọ̀ ń gbọ̀n, lókè àti nísàlẹ̀?"

Àwọn ará ìsàlẹ̀ kúkú ní ṣáláńgá lẹ́yìn wọn.

"Ó dáa. Èmi ni ìtọ̀ ń gbọ̀n. Èmi ni alága. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, nítorí ìsàlẹ̀ ni mò ń lọ. Tí mo bá ní ó yá, òkè á tì, ìsàlẹ̀ á fà. Tí mi ò bá tíì sọ̀rọ̀, kí kálukú máa mí."

Ẹnì kan nísàlẹ̀ sọ pé àwọn lè yá àkàbà lọ́dọ̀ akunlé tó wà ládùúgbò, kí Ìyá Àgbà gba ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀. Ó bi ẹni náà bóyá ó ti rí ìyá tirẹ̀ lórí àkàbà rí. Ọ̀rọ̀ àkàbà parí síbẹ̀.

Káfíńtà wá sọ pé adé orí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, àti pé ẹ̀yìn ni nọ́ọ̀tì tó dè é wà. Ẹ̀yìn náà, òkè ló kọjú sí. Nínú gbogbo èèyàn, Tíṣà ló sún mọ́ ọn jù. Káfíńtà na sípánà gba ààyè náà, Tíṣà gbà á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àga, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ìjà.

"Ẹ yí i sápá ọ̀tún."

Tíṣà yí i. "Ó le."

"Ẹ fi agbára sí i."

"Mo ti fi agbára sí i. Ńṣe ló tún ń le sí i."

"Ọ̀tún mo ní."

"Ọ̀tún náà ni. Ọ̀tún tèmi àbí ọ̀tún tiyín?"

Káfíńtà gbé ọwọ́ sókè níwájú dígí, ó yí i bí ẹni mú sípánà, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí náà, ó sì rí i pé iwájú lòun dúró sí, ẹ̀yìn sì ni Tíṣà wà. "Ẹ máà bínú," ó ní. "Òsì ni."

"Kò tọ́pẹ́," ni Tíṣà wí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀tì náà ń ké bó ṣe ń tú. Láàárín kan, mo gbọ́ tí Tíṣà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá yẹn tóbi lóòótọ́ o," Káfíńtà náà sì fèsì pé, "Igi yẹn náà ò tíì gbẹ dáadáa. Mo mọ̀." Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Nígbà tí adé náà kúrò, Ìyá Àgbà pariwo ó yá. Òkè tì, ìsàlẹ̀ fà. Wọ́dúróòbù náà dún bí ẹni tó jí lójú oorun, ó fà díẹ̀ lára ògiri láńlọ́ọ̀dù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Bó bá ti fẹ́ yára jù, Ìyá Àgbà á ní kí gbogbo wa mí. Bó bá dúró, á ní ó yá. Ó ń tẹ̀ lé e sísàlẹ̀ ní ìjókòó, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń sin ìyàwó. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọ́dúróòbù kan ilẹ̀ páséèjì, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé gbé. Alága wa dìde, ó gba àárín wa kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọbìnrin náà yí wọ́dúróòbù ká. Ó wo Tíṣà tó dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, adé ìrókò lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Kò wù mí."

Nítorí náà ó wà ní páséèjì. Káfíńtà ló kan òmíràn fún wọn, kékeré, ó sì gòkè láìfara kan ògiri. Ti Ọ̀yìngbò di ti gbogbo ilé. Inú rẹ̀ ni a ń kó ìgbálẹ̀, ṣọ́bìrì àti okùn kàǹga sí, dígí rẹ̀ la sì ń wò kí a tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ Monday, ìlà àwọn tó ń dúró de dígí máa ń gùn ju ti balùwẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ náà kò fọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Àgbà kọ̀ láti gbé ipò sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣooṣù, a ó jókòó sí páséèjì, yóò sì béèrè pé, "Kí ló há?" Tí nǹkan kan bá há, bóyá gọ́tà ni tàbí kẹ̀kẹ́ kàǹga, a ó ṣe é. Wàhálà ibẹ̀ ni oṣù tí nǹkan kan ò bá há. A ó jókòó, a ó máa wo ara wa. Ní irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà dá a lábàá pé kí a dá kọmití sílẹ̀ tí yóò máa wá ohun tó há. Kọmití náà kò rí nǹkan kan, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì.

Àǹtí mi àti ìyá oníbùrẹ́dì ńkọ́? Wọ́n sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ẹ̀wà. Àǹtí mi sọ̀kalẹ̀, ó bá ìkòkò rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n ti dé e dáadáa. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ẹ fi edé sí i." Ìyá oníbùrẹ́dì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó tún lọ mú bùrẹ́dì kan wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà jẹ ẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé ìjà ti parí. Ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí mi tún fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Wọ́n jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ti mọ ara wọn dáadáa báyìí, kálukú sì mọ ibi tó máa dun èkejì. Wọn ò tún lo èmi mọ́. Wọ́n ń bú ara wọn ní tààrà.

Ọjọ́ mítíìnì bọ́ sí ọjọ́ kejì irú ìjà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé Àǹtí mi ò ní lọ. Mo bá a níwájú dígí kékeré inú yàrá wa, ó ń wé gèlè, èyí tó dára jù nínú àwọn tó ní. Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn èèyàn tí ó ń bá jà láti àná.

Ó fi eyín di píìnì gèlè mú, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ará oko.

"Tí mi ò bá lọ," ó ní, "èmi ni wọ́n máa fi ṣe mítíìnì."

Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí n tètè máa bọ̀, akọ̀wé kì í pẹ́ dé. Ìyá oníbùrẹ́dì ti gba àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.